Ṣé Ẹsẹ̀ Lè San Owó Ṣúgà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Èmi àti ìyá mi ló ń jà nítorí agolo ṣúgà kan, mi ò sì mọ ẹni tó jàre nínú àwa méjèèjì.

Màámi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ mi ní Súrùlérè ni wọ́n ń gbé. Dókítà ti sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ wà lára wọn: kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n sì dín ohun dídùn kù. Oògùn kò ṣòro. Ti ìrìn, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́! Kí oòrùn tó mú, wọ́n á ti wọ bàtà kánfáàsì, ó di ọ̀nà Sitédíọ̀mù. Bí wọ́n bá padà dé, wọ́n á bu ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n á ju hóró ṣúgà mẹ́fà sí i. Bí mo bá ní, "Màámi, ẹ rọra o," èsì wọn kì í yẹ̀: "Ẹsẹ̀ mi ti san án."

Lọ́jọ́ kan, mo gbé agolo ṣúgà pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kejì, mo rí ìgò mínírà méjì lábẹ́ àga. Àwọn àti ọmọ mi àbíkẹ́yìn ni wọ́n jọ mu ún. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní: "Ìwọ tí wọ́n fi oyin tọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìwọ lo wá ń fi ṣúgà pamọ́ fún mi?" Ojú tì mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìṣirò Màámi, torí kì í ṣe irọ́ gbáà. Ìgò mínírà kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 35 máa ń ní ṣúgà bíi gíráàmù 37 nínú, ìyẹn bíi hóró mẹ́sàn-án. Agbára tó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí àgbàlagbà á lò bí ó bá fi ìṣẹ́jú 30 sí 40 rìn kánmọ́kánmọ́. Iṣan ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò, oore ìrìn òní sì lè wà lára títí di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe ìsọ̀ tí èèyàn ti ń sanwó sílẹ̀. Kíá ni ṣúgà inú mínírà ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ara alátọ̀gbẹ kì í sì í tètè rí i kó kúrò níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a ń bù sí nǹkan má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára oúnjẹ òòjọ́ wa. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, gíráàmù 50 nìyẹn. Bó bá sì lè wálẹ̀ sí 25, ó tún sàn jù. Wọ́n ka oyin náà mọ́ ọn. (Ẹ má sọ fún Màámi; abẹ́ oyin ni wọ́n tún fẹ́ sá sí.)

Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ "san án" yẹn. Ó sọ ìrìn di iṣẹ́ ẹrú, ó sì sọ ṣúgà di owó iṣẹ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ta ló ń sáré kó lè rí nǹkan dídùn jẹ? Eré la ń ṣe. Bí a bá rí ìrèké, eyín la fi ń bó o. Ká tó jẹ oríkèé méjì tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti rẹ̀ wá. Ìrèké fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún èèyàn pé ó tó. Ìgò mínírà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ gbé e sẹ́nu, ó ti tán.

Ìjọba náà dá sí i: Òfin Ìnáwó ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kan ohun mímu aládùn. Lórí ìgò Màámi, náírà mẹ́ta àbọ̀ nìyẹn! Ì bá wù mí kí wọ́n fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà láìsí pé dánfó ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí: ẹ̀tọ́ wo ni mo ní? Ara Màámi ni, ẹnu wọn ni. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dá wọn dùbúlẹ̀, èmi ni n ó gbé wọn, àwọn ọmọ mi ni yóò sunkún. Mo ní ìpín níbẹ̀, àbí n kò ní? Síbẹ̀, mo rántí ọdún 1984, nígbà tí ṣúgà di ẹsẹ́ńkò, tí àwọn ìyá wa ń tò lórí ìlà láti àárọ̀ nítorí páálí kan. Màámi á pín in sínú ẹ̀kọ àwa ọmọ márùn-ún. Tiwọn, wọ́n á mu ún lásán. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ràn ohun dídùn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi gbà á gbọ́. Obìnrin yìí ni mo wá ń ka hóró ṣúgà mọ́ lẹ́nu.

Èmi alára ńkọ́? Mọ́tò ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, mọ́tò ló ń gbé mi bọ̀. Ikùn mi ti ń ṣáájú mi wọlé. Mọ́ọ̀tì tútù kì í sì í wọ́n lórí tábìlì mi lọ́sàn-án. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ gba ṣúgà lọ́wọ́ ẹni tó ń rìn!

Mo sọ agolo kalẹ̀. Ní Sátidé, mo tẹ̀lé Màámi jáde. Mí ń já mi, àwọn ń kí alákàrà, wọ́n ń kí mégádì, wọ́n ń béèrè ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lánàá. Wọn ò jọ ẹni tó ń san gbèsè rárá.

Nígbà tí a délé, mo gbé agolo sáàárín tábìlì, mo dákẹ́. Màámi mú hóró méjì, wọ́n wò mí, wọ́n dé agolo. Lẹ́yìn náà, wọ́n nawọ́ sí mọ́ọ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi. "Ìyẹn ńkọ́? Ẹsẹ̀ ta ló san án?"

Mo gbé e padà sínú fíríìjì. Nígbà tí mo débẹ̀ lálẹ́, ìgò ti ṣófo, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó mu ún nínú ilé.