Òǹwòran Tí Ó Wọ Agọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí a kò wo ojú ara wa sọ kò tíì di ọ̀rọ̀ tán. Bí ó ti rí fún ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún eré. Òṣèré ń wo òǹwòran, òǹwòran ń wo òṣèré, àárín ìwò méjèèjì yìí ni eré sì ti ń wáyé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé nígbà tí fíìmù bá gbé orin àti ijó wá bá wa nínú yàrá, tí àwa ń wo òṣèré tí òṣèré kò sì rí wa, ǹjẹ́ a ṣì jẹ ẹ́ ní ohunkóhun?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí kí kámẹ́rà tó dé ilẹ̀ wa. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí òun ń pè ní Kàtúngà. Wọ́n ṣe eré eégún aláré níṣojú rẹ̀, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Òjòlá ńlá kan jáde nínú eré náà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi kádìí rẹ̀ ni ti òyìnbó. Eégún tí ara rẹ̀ funfun jáde sí agbo, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Clapperton sọ pé àwọn èrò ń yíjú sí òun àti àwọn tí àwọn jọ wá, láti mọ̀ bóyá eré náà dùn mọ́ àwọn. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó wá wòran ti di ìran. Kò sí ibi tí ó lè fi ara pamọ́ sí. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, wọ́n rí i. Bí ó bá fajú ro, wọ́n rí i. Nínú agbo eré Yorùbá, kò sí ẹni tí ń wòran lásán.

Ohun kan tún wà nínú eré eégún tí ó yẹ kí á ronú lé lórí. Eégún ni ó wọ agọ̀. Òun ni ó ń rí wa láti inú àwọ̀n ojú rẹ̀. Àwa kò rí ojú tirẹ̀. Agbára ńlá ni kí ènìyàn máa rí ẹlòmíràn kí ẹni náà má rí i, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí àwọn baba wa fi fi èèwọ̀ ká agbára náà mọ́. Ẹni tí ó wọ agọ̀ kò lè ṣe bí ó bá ti wù ú. Atọ́kùn wà pẹ̀lú rẹ̀, ìlù ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìre sì gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde fún àwọn tí ń wò ó.

Fíìmù ti yí gbogbo èyí po. Òṣèré ni ojú rẹ̀ wà ní gbangba báyìí. A ń rí òógùn iwájú orí rẹ̀ àti omi tí ó lé ròrò sí i lójú, ju bí ẹni tí ó jókòó sí ìlà iwájú nínú gbọ̀ngàn ti lè rí i lọ. Àwa tí a wà nílé ni a wọ agọ̀. A lè dá akọrin dúró ní àárín orin kí á lọ bu omi mu. A lè dá a padà sẹ́yìn, a lè fò ó kọjá, a lè pa ohùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ta wá ni atọ́kùn tiwa? Kí sì ni èèwọ̀ wa?

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù orin. Oore tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀. Ní ìgbà ooru ọdún 1969, wọ́n ṣe àjọ̀dún orin ní Harlem, ní ìlú New York, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú ti ń rọ́ wá ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láti gbọ́ Stevie Wonder, Nina Simone, Mahalia Jackson, Mavis Staples àti àwọn mìíràn. Hal Tulchin fi kámẹ́rà ká a sílẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ni ayé kò rí fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ní ọdún 2021 ni Ahmir Thompson, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Questlove, gbé e jáde nínú fíìmù tí ó pè ní Summer of Soul. Níbì kan nínú fíìmù náà, wọ́n fi àwòrán ọjọ́ náà han Marilyn McCoo, ọ̀kan lára àwọn tí ó kọrin níbẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó sì da omi lójú. Nǹkan tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n gbé padà fún un. Bí fíìmù bá ṣe èyí, ó ti kọjá ohun ìdárayá. Ó ti di ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìran tí ó wà ní ìpamọ́ ni ẹni tí ó ni ín ń fẹ́ kí á tú síta. Ní ọjọ́ 13 àti 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972, Aretha Franklin kọ orin ìyìn fún alẹ́ méjì nínú ṣọ́ọ̀ṣì New Temple Missionary Baptist ní ìlú Los Angeles. James Cleveland wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin Southern California Community Choir sì ń gbè é. Àwo rẹ̀, Amazing Grace, jáde ní ọdún yẹn kan náà, ó sì tà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Sydney Pollack ni ó darí àwọn tí ó ya fíìmù rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lo pátákó tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù máa ń pa pọ̀ níwájú kámẹ́rà kí àwòrán àti ohùn lè bára mu. Ẹnu akọrin ń lọ sọ́tùn-ún, ohùn rẹ̀ ń lọ sósì. Bí iṣẹ́ náà ṣe wọ àká nìyẹn. Ní ọdún 2007, Alan Elliott rà á, ó sì fi ẹ̀rọ ayé òde òní mú ohùn àti àwòrán bára mu. Aretha kò gbà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2011. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ẹ̀wẹ̀, adájọ́ kan dá fíìmù náà dúró nígbà tí ó ku wákàtí díẹ̀ kí wọ́n fi í hàn. Aretha kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2018. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n fi fíìmù náà hàn ní New York. Láti ìgbà náà wá, ẹnikẹ́ni lè jókòó sínú ilé rẹ̀ kí ó wò ó.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á wo ohun tí obìnrin náà kọ̀ fún wa nígbà tí ó wà láàyè? Àwọn kan yóò sọ pé òkú kò ní ìtìjú, àti pé ohùn bẹ́ẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Èmi kò fara mọ́ èyí. Bí ohùn ènìyàn bá di ti gbogbo ayé nítorí pé ó dùn, a jẹ́ pé ẹni tí Elédùmarè fún ní ẹ̀bùn ni ó kéré jù nínú ẹ̀tọ́. Àwọn mìíràn yóò sọ pé Aretha nìkan kọ́ ni ó kọrin lálẹ́ ọjọ́ náà: ẹgbẹ́ akọrin wà níbẹ̀, ìjọ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n sì ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, pàápàá fún àwa Yorùbá tí a mọ̀ pé elégbè ni ó ń gbé orin ró. Ìkọ̀sílẹ̀ Aretha ná àwọn mìíràn ní nǹkan. Pollack kú ní ọdún 2008. Cleveland ti kú láti ọdún 1991. Wọn kò rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn lójú agbo. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kò ṣòro láti bọ̀wọ̀ fún. Ìgbà tí ó bá ń dùn wá ni a tó mọ̀ bóyá a ka ẹlòmíràn sí.

Ìdájọ́ tèmi ni pé adájọ́ ọdún 2015 ṣe ohun tí ó tọ́, àti pé ohun tí ẹbí rẹ̀ ṣe ní ọdún 2018 tọ́ bákan náà. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹnu ẹbí ni òkú fi ń sọ̀rọ̀. Bí ẹbí bá ti sọ pé rárá, ìbá yẹ kí á fi fíìmù náà sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó dùn tó. Ìyọ̀ǹda yìí ni ó ya wíwòran sọ́tọ̀ kúrò lára yíyọjú wo ilé onílé. Mo ti wo fíìmù náà. Níbì kan, Aretha ń tẹ dùùrù, ó ń kọrin, òógùn bò ó lójú. Bàbá rẹ̀, oníwàásù C. L. Franklin, dìde, ó lọ bá a, ó sì fi aṣọ nu ojú ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọ ọwọ́. Ibẹ̀ ni agọ̀ ti wúwo sí mi lọ́rùn. Bàbá yẹn ní ẹ̀tọ́ láti rí òógùn náà nítorí pé ó lè nù ún. Èmi rí i, n kò lè nù ún.

Bí ó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda ni ó ṣòro ní ti Aretha, owó ni ó ṣòro nílé wa níhìn-ín. Ní ọdún 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, èyí tí Ọlá Balógun darí. Ní ayé ìgbà náà, òṣèré a máa gbé fíìmù rẹ̀ ká láti ìlú dé ìlú bí àwọn alárìnjó ti ń ṣe, àwọn ènìyàn a sì sanwó lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Bàbá Sàlá yọ̀ǹda kí gbogbo ayé wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn olè da fíìmù náà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó gba ìgboro kan, gbèsè sì bo ẹni tí ó ṣe é mọ́lẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018, kò tó oṣù méjì lẹ́yìn Aretha.

Gbogbo wa ni a bú àwọn olè náà. Ṣùgbọ́n òwe wa sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ta ni ó gba kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀? Àwọn ènìyàn iyì ni, tí wọ́n jókòó sínú pálọ̀ pẹ̀lú ọmọ àti aya, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Kò sí ẹni tí ó kórìíra Bàbá Sàlá nínú wọn. Bí wọ́n bá ní láti gba iwájú rẹ̀ kọjá wọ gbọ̀ngàn láìsanwó, ojú ìbá tì wọ́n. Ojú ni ìtìjú ń gbé. Nígbà tí kò sì sí ojú tí ń wò wọ́n, ìtìjú kò rí ibi dúró sí. Kásẹ́ẹ̀tì ti kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, fóònù ni ó gbòde, agọ̀ náà sì ti fúyẹ́ débi pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò mọ̀ pé òun wọ nǹkan mọ́.

Gbèsè kan tún wà tí ìyọ̀ǹda àti owó kò lè san. Mo fi Summer of Soul han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú gbọ̀ngàn kan. Nígbà tí Mahalia Jackson àti Mavis Staples bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pọ̀, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Kíá ni wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì rọra kó ọwọ́ wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣe ohun tí kò bójú mu. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Ọ̀gá, ta ni a ń pàtẹ́wọ́ fún? Mahalia kò kúkú gbọ́.” Òtítọ́ ni, kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ gbọ́. Àtẹ́wọ́ rẹ ni ó sọ fún un pé ènìyàn ni a ń wò, a kò wo ògiri. Bí eégún ẹni bá jóòre, orí a máa yá ni. Orí tí ó yá kì í sì í dákẹ́.

Nítorí náà, èrò mi ni pé kí òǹwòran tí ó wọ agọ̀ ní èèwọ̀ tirẹ̀: kí ó má wo ohun tí òṣèré kọ̀, kí ó má jẹ iṣẹ́ ẹni tí kò sanwó fún, kí ó má sì sọ ènìyàn di ariwo ẹ̀yìn iṣẹ́ ilé. Ní ti atọ́kùn, ẹni tí ó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni mo rí tí ó lè ṣe é, nítorí pé òun nìkan ni ojú rẹ̀ lè bá tiwa. Bí ẹ bá fẹ́ wo Amazing Grace ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ pe aládùúgbò wá, ẹ jọ jókòó. Bí bàbá náà bá sì dìde tí ó na ọwọ́ sí ojú ọmọ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí ó nu òógùn náà tán.