Ǹjẹ́ A Lè Fi Máàkì Ṣe Èènì?

Bí ènìyàn bá lọ ra gàrí lọ́jà, tí ìyá onígàrí wọn kóńgò tán, oníbàárà kì í tètè gbé igbá rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Yóò dúró díẹ̀, yóò ní, "Ìyá, ẹ fi èènì sí i." Ìyá yóò kùn díẹ̀, yóò sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Kò sí ẹni tí yóò pe èyí ní olè. Ọjà rẹ̀ ni. Ohun tí ó wù ú ni ó lè fi ṣe. Ẹni tí a máa ń bú ni ẹni tí ó lu ìdí kóńgò wọnú kí gàrí tí yóò gbà lè dín kù. Ìdí nìyí tí ọ̀ràn tí mo fẹ́ mú wá síwájú yín fi ṣòro díẹ̀: ọ̀ràn olùkọ́ tí kò dín máàkì ọmọ kù, ṣùgbọ́n tí ó bù lé e. Ǹjẹ́ olùkọ́ náà jalè? Bí ó bá jalè, ta ni ó jà lólè?

Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ ní ìlú Atlanta, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2002, ààrẹ ilẹ̀ náà fọwọ́ sí òfin kan pé kí àwọn ọmọ láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ máa ṣe ìdánwò ìwé kíkà àti ìṣirò lọ́dọọdún, àti pé nígbà tí ó bá fi di 2014, kí gbogbo wọn ti máa yege. Gbogbo wọn pátá! Ẹni tí ó bá ti kọ́ kíláàsì kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré yóò mọ irú ọ̀rọ̀ tí èyí jẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá dé ojú àmì, ìyà ń bẹ fún un. Ní Atlanta, àwọn alábòójútó tún fi tiwọn kún un: ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí máàkì àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá gòkè, kí ó máa wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Máàkì sì gòkè. Ní ọdún 2009, a yan Beverly Hall, alábòójútó àgbà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ta yọ jù lọ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn oníwèé ìròyìn ibẹ̀ ń wo iye máàkì náà, ó ń kọ wọ́n lóminú. Pẹ́ńsù ni àwọn ọmọ fi ń kun ojú róbótó tí ó dúró fún ìdáhùn wọn, ẹ̀rọ ni ó sì ń kà á. Ẹ̀rọ yìí kan náà lè rí ibi tí a ti pa nǹkan rẹ́. Bí ọmọ bá ń pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn yóò kúrò nínú àṣìṣe bọ́ sínú òótọ́, nígbà mìíràn yóò ti inú òótọ́ bọ́ sínú àṣìṣe. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, kíláàsì lórí kíláàsì ni ó jẹ́ pé inú òótọ́ ni rọ́bà ń bọ́ sí ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ní 2011, àwọn olùwádìí tí gómìnà yàn jábọ̀ pé nínú ilé-ẹ̀kọ́ 56 tí àwọn wò, a ti ṣe màgòmágó ní 44. Olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ 178 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, 82 nínú wọn sì jẹ́wọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ńṣe ni wọ́n kó ìwé ìdáhùn lọ sí ilé ọ̀kan nínú wọn ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń pa á rẹ́ bí ìgbà tí a bá bẹ ọ̀wẹ̀.

Ó yá wa lára láti bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn. Ọmọ tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Àwọn kan ń wá sílé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ebi. Òṣùwọ̀n tí a fi wọn ọmọ olówó ni a fi wọn àwọn náà. Bí a bá sì ti ilé-ẹ̀kọ́ wọn pa, níbo ni wọn yóò gbà? N kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà ti jẹ irú èènì bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Inú yàrá ìdánwò ni a wà, tíṣà wa ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó fi ìka tọ́ ìdáhùn kan, ó kọjá lọ. Ó tún padà wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi bí ẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Nígbà tí ó di ọdún kejì, tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí a ń ṣe ìṣirò ìdajì àti ìdámẹ́ta, mo jókòó bí ẹni tí a sọ sínú omi. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n, nítorí ìwé ti jẹ́rìí pé mo mọ̀ ọ́n. Ìtìjú kò sì jẹ́ kí n bèèrè.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé máàkì kò rí bí gàrí. Gàrí jẹ́ ọjà, máàkì jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí ó bu gàrí lé e, tirẹ̀ ni ó bù. Ẹni tí ó bu máàkì lé e, ẹ̀rí nípa ọmọ ni ó yí padà, ẹ̀rí náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Aláìsàn tí a kọ̀wé fún pé ara rẹ̀ le, ta ni yóò tún fún un ní oògùn? Ìyá kan ní Atlanta sọ fún àwọn oníròyìn ní 2013 pé ọmọbìnrin òun yege ìdánwò náà dáadáa nígbà tí ó wà ní kékeré, bẹ́ẹ̀ ni òun rí i pé kò lè kàwé. Ó lọ bèèrè ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ní kò tọ́ sí ẹni tí ó yege. Ọmọ náà dé kíláàsì kẹsàn-án, ìwé kíláàsì karùn-ún ni ó lè kà.

Ẹnì kan lè sọ pé òṣùwọ̀n tí kò tọ́ kò yẹ fún òtítọ́. Mo ti ro èyí títí, ibi tí mo bá a dé nìyí: kò sí ẹni tí ó mọ̀ bí àwọn olùkọ́ yìí pé ohun tí òfin náà ń béèrè kò ṣeé ṣe. Àwọn ni wọn ìbá jẹ́rìí takò ó. Ṣùgbọ́n rọ́bà ọwọ́ wọn jẹ́rìí pé ó ṣeé ṣe, àwọn olóṣèlú sì ń nawọ́ sí Atlanta pé, "Ẹ kò rí i bí?" Irọ́ àwọn tí òfin náà ń ni lára ni ó gbé òfin náà ró. Àwọn díẹ̀ kọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ síta, ojú wọn sì rí màbo.

Òwe wa ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Gbogbo ìlú ni ó na ọwọ́ gba epo yìí. Máàkì dára, wọn kò bèèrè ibi tí ó ti wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ dá àwọn mọ́kànlá lẹ́bi. Hall kò dé iwájú adájọ́. Ó ti kú ní oṣù kẹta, ó sì sọ títí tí ó fi kú pé òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n rán àwọn kan nínú àwọn mọ́kànlá náà lọ sẹ́wọ̀n. N kò rí ọmọ tí ẹ̀wọ̀n náà kọ́ ní ìwé kíkà.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà ṣe ètò láti wá àwọn ọmọ tí a pa ìdáhùn wọn rẹ́, kí a lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Púpọ̀ ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó wà ní kíláàsì kẹta ní 2009 ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo máa ń rò ó, bí ẹni tí wọ́n rán sí i ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: pé ìdánwò tí a torí rẹ̀ kí ọ kú oríire níjọ́sí, ìwọ kọ́ ni o yege.