ÀLEJÒ TÍ A BÁ PÀDÉ LỌ́NÀ

Ibi Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:26–40, 21:8–10

Ẹni tí ó bá ń dá rin ìrìnàjò mọ̀ pé ojú ọ̀nà kò jọ ojúlé ẹni. Ní ilé, a mọ ẹni tí a ń kí. Nínú ọkọ̀, ẹni tí ó jókòó tì wá lè jẹ́ olè, ó sì lè jẹ́ ẹni tí Ọlọ́run rán sí wa. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa mú wa lọ lónìí.

Fílípì wà ní Samáríà, níbi tí iṣẹ́ ìwàásù ti ń so èso púpọ̀, nígbà tí áńgẹ́lì Olúwa ní kí ó dìde lọ sí ọ̀nà aṣálẹ̀ tí ó ti Jerúsálẹ́mù lọ sí Gásà. A kò sọ ẹni tí yóò bá pàdé fún un. Ẹni tí ó sì pàdé kò jọ ọ́ rárá: ará Etiópíà ni, olùtọ́jú ìṣúra Kándákè ayaba, ìwẹ̀fà sì ni pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Etiópíà nígbà náà wà ní gúúsù Íjíbítì, ní apá ibi tí a mọ̀ sí Sùdáánì lónìí. Kándákè kì í sì í ṣe orúkọ àbísọ. Orúkọ oyè ni, bí a ti ń pe Aláàfin.

Ọkùnrin yìí ti rin ọ̀nà jíjìn lọ jọ́sìn ní Jerúsálẹ́mù. Ṣùgbọ́n ẹ wo Deuteronómì 23:1: òfin kò gbà kí irú rẹ̀ wọ inú ìjọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dá a dúró ní ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ ó ń ka ìwé Aísáyà bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sílé. Bí ó bá kà á síwájú díẹ̀, yóò kan orí 56, níbi tí Olúwa ti ṣe ìlérí fún àwọn ìwẹ̀fà gan-an.

Ẹ kíyè sí bí Fílípì ti ṣe é. Ó sáré sún mọ́ ọn, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè. Kò wàásù kí ó tó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń kà. (Ó yẹ kí àwa tí a ń wàásù nínú ọkọ̀ ro èyí dáadáa.) Ìwẹ̀fà náà fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gòkè wá jókòó ti òun.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ọ̀ràn ti ara mi níhìn-ín. Ní ọdún 2013, kété tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo dá wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ṣakí. Ìyá àgbà kan jókòó tì mí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun rẹ̀ fún mi. Mo ní mo ti yó, bẹ́ẹ̀ ni ebi ń pa mí. Ó béèrè ibi tí mo ń lọ. Mo purọ́ fún un. Nígbà tí a kọjá Ìsẹ́yìn, tí a kò tíì dé Òkéhò, ọkọ̀ wa bàjẹ́, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ gun ọ̀kadà lọ. Owó tèmi kò pé. Ìyá yìí wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, máa bọ̀. Ilé ọmọ mi kan wà ní Òkéhò.” Òun ni ó san owó ọ̀kadà àwa méjèèjì. Wọ́n fún mi ní àmàlà, wọ́n sì tẹ́ ẹní fún mi ní pálọ̀.

Ní ìdájí ó dìde kírun. Mo ṣe bí ẹni tí ó ń sùn, nítorí ojú ń tì mí láti kúnlẹ̀ nínú ilé ẹlẹ́sìn mìíràn. Nígbà tí ó parí, ó rọra wí pé, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ kì í kí Ọlọ́run rẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni?” Bíbélì mi sì rèé, nínú àpò tí mo fi ṣe ìrọ̀rí! Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbà tí mo dé Ṣakí ni mo tó rántí pé n kò béèrè orúkọ rẹ̀.

Ẹnìkan nínú kíláàsì yóò wí pé ayé ti yí padà, pé ajínigbé wà lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni, èmi náà kì í sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Nínú Mátíù 10:16, Olúwa dárúkọ ejò kí ó tó dárúkọ àdàbà. Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa fún ìyá náà kì í ṣe ọgbọ́n. Tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ ni mo wò.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Fílípì. Inúnibíni tí Sáwúlù lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ni ó tú ìjọ Jerúsálẹ́mù ká, òun ni ó sì gbé Fílípì dé Samáríà (8:1–5). Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn arìnrìn-àjò kan yà sí ilé rẹ̀ ní Kesaríà. Pọ́ọ̀lù wà nínú wọn, Sáwúlù àná. Fílípì ní ọmọbìnrin mẹ́rin nínú ilé náà. Ó gbà wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

Fún ìjíròrò: Kí ni ó lè mú kí ó ṣòro fún Fílípì láti ṣílẹ̀kùn fún Pọ́ọ̀lù? Ta ni ìwọ kọ̀ láti bá sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ní oṣù yìí, kí sì ni o wò lára rẹ̀? Kí olùkọ́ kọ́kọ́ dáhùn èyí kí ó tó bi ẹlòmíràn.