Àsè Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Òfin Iléyá le koko lórí àgbò. Èyí tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ gbangba, èyí tó ń tiro, èyí tí àìsàn hàn lára rẹ̀, àti èyí tó rù débi pé kò sí mùdùnmúdùn nínú egungun rẹ̀ mọ́, kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣeé fi rúbọ. Hàdíìsì Ànábì ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ra àgbò lọ́jà sì mọ̀ ọ́n dáadáa: wọ́n á la ẹnu ẹran wo eyín rẹ̀, wọ́n á tẹ ìbàdí rẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n fà á rìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn wá òfin tó ní ìrẹsì ọdún kò gbọdọ̀ jóná, tàbí pé àga gbọ́dọ̀ kárí àlejò, tàbí pé NEPA kò gbọdọ̀ mú iná lọ nígbà tí wọ́n bá ń jẹun, kò ní rí i.

Kí ló dé tí Ọlọ́run tó ní kí àgbò pé ṣánṣán kò béèrè pé kí àsè náà pé bẹ́ẹ̀?

Ààfáà nìkan kọ́ ni ìbéèrè yìí kàn. Ó kan ìyálé ilé tí kò fojú kan oorun mọ́jú ọdún. Ó kan baálé ilé tó ti pinnu pé òun ò ní pe ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí, nítorí pé aṣọ àga pálọ̀ ti ya, ògiri ń fẹ́ ọ̀dà, owó ọwọ́ kò sì tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ń retí, àwọn àbúrò rẹ̀ ń retí. Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Iléyá 2024 bọ́ sí June 16, ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù, nínú oṣù tí oúnjẹ fi ohun tó ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Nínú ìlànà Málíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, sunna tó lágbára ni ẹran Iléyá jẹ́ fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a. Ẹni tí kò ní kò jẹ̀bi. Adìyẹ kì í ṣe ẹran ìrúbọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni, èèyàn sì lè fi gbàlejò.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan ní Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ Iléyá. Wọ́n ti dé láti Yídì, Lèmọ́mù ti pa tirẹ̀, ti ilé náà wà lórí iná lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń wi í. Èéfín àti òórùn irun ti gba gbogbo àdúgbò. Ọ̀bẹ kò mú tó. Ọmọkùnrin ilé tó ti pẹ́ ní Èkó di ẹsẹ̀ àgbò mú bí ẹni pé ó máa ta á nípàá. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, ó ti ń fẹnu pín ẹran: itan ti àna nìyí, ti ará ilé kejì nìyí, ti àwọn tí kò ní nìyẹn. Ẹni tó ń wo ìrẹsì lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò, kó tó padà, òórùn ti ń jáde lábẹ́ ìdérí.

“Màámi, ó ti ń jóná o!”

“Ìyàwó, má rò ó. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bù ú láti òkè, má jẹ́ kí ṣíbí kan ìdí ìkòkò.”

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ló bá a mu, nítorí ẹni tó bá ro ìrẹsì tó jóná ti gbé jíjóná náà káàkiri ìkòkò nìyẹn. Wọ́n bu ti òkè fún àlejò, àwọn ọmọdé sì ń jà sí èyí tó gan mọ́ ìdí ìkòkò, torí òun gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Àga kò tó. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àna tó wọ léèsì olówó iyebíye ká agbádá sókè, ó jókòó tì wọ́n nílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Ìdáhùn ìbéèrè wa wà lórí ẹní yẹn. Àgbò jẹ́ ohun tí èèyàn lè yàn. Ó lè lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè kọ mẹ́wàá kó tó mú ọ̀kan, ìdí nìyí tí òfin fi lè béèrè pé kó yan èyí tó dára. Ẹbí kò ṣeé yàn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi òfin àgbò yẹ àwọn tó ń bọ̀ wá jẹun wò lẹ́nu ọ̀nà, ta ló máa wọlé? Àbúrò bàbá yìí ń tiro nídìí gbèsè, ìbínú ti fọ́ ojú ẹ̀gbọ́n tọ̀hún, ìdààmú ti mú kí ọmọ tó ń wáṣẹ́ láti ọjọ́ yìí rù. Àwọn yìí gan-an ni ẹran náà wà fún. Súrà Hájì jẹ́ kó yé wa pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, bí kò ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lọ́kàn ẹni tó pa á. Ẹran náà fúnra rẹ̀, ilẹ̀ ló ń kù sí, lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó kù díẹ̀ káàtó.

Bàbá tí à ń tìtorí rẹ̀ ṣe Iléyá pàápàá ti gbàlejò tí kò lọ bó ṣe rò. Súrà Húúdù ròyìn bí àwọn àlejò kan ṣe yà sílé Ànábì Ibrahim. Kò bi wọ́n bóyá ebi ń pa wọ́n. Ó lọ sun ọmọ màlúù, ó gbé e wá. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ti dáná fún àlejò rí mọ bí àyà ṣe ń já nígbà tí àlejò bá ń wo oúnjẹ tí kò nawọ́ sí i. Ẹ̀rù ba Ibrahim. Màláíkà ni wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n sì wá jẹ́ ni pé ìyàwó rẹ̀ tó ti darúgbó yóò bí Isiaka. Oúnjẹ wà níbẹ̀ bó ṣe gbé e kalẹ̀, síbẹ̀ ìròyìn ayọ̀ tí ilé náà ti ń retí láti ọdún gbọọrọ ló wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ìtàn yìí tọ́ sí wáàsí Iléyá ju bí a ṣe ń gbọ́ ọ lọ.

Àwọn Júù àti Kristẹni náà ní tiwọn. Búrẹ́dì tí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ráyè wú, tí wọ́n gbé sá kúrò ní Íjíbítì, ni àwọn Júù ṣì ń jẹ lọ́dọọdún nínú Àjọ Ìrékọjá. Ìhìn Rere Jòhánù sì fi iṣẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí Jésù ṣe sí ibi ìgbéyàwó kan ní Kánà tí wáìnì ti tán mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nínú ìtàn Ifá ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ nípa rẹ̀ ní 1975: Ọ̀rúnmìlà fẹ́ Ìwà, ọmọ Sùúrù. Obìnrin náà rẹwà, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ nínú ilé kò tẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀rúnmìlà ráhùn títí, ó lé e jáde. Kò pẹ́ tí nǹkan rẹ̀ fi dà rú. Àwọn tó ń wá dáfá kò wá mọ́, àwọn ará àdúgbò kò kà á sí mọ́, ló bá bọ́ sọ́nà, ó ń wá ìyàwó rẹ̀ láti ilé dé ilé. Ilé tí ohunkóhun kò ti ní máa bí i nínú ló ń wá nígbà tó lé obìnrin náà jáde. Ó rí irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì wá síbẹ̀.

Àbùkù mìíràn tún wà tó jẹ́ tilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ìwé tí Insa Nolte, Olúkòyà Ògèn àti Rebecca Jones ṣe olótùú rẹ̀ ní 2017 lórí ìlú Ẹdẹ fi bí Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀ hàn, nínú ẹbí kan náà pàápàá. Lóde òní, àwọn Kristẹni kan kì í jẹ ẹran Iléyá mọ́. Wọ́n ní ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa oúnjẹ òrìṣà kàn án. Inú ìyá arúgbó tó pa àgbò, tí ọmọ rẹ̀ kò sì jẹ nínú rẹ̀, lè bàjẹ́, torí nígbà èwe rẹ̀ inú abọ́ kan náà ni gbogbo ẹbí ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá bẹ́ẹ̀ ló ń se ọbẹ̀ ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsọ̀rọ̀, tó sì ń pe ọmọ náà wá jẹun. Ó ṣòro láti rí ẹ̀sìn tó jinlẹ̀ ju ìkòkò kejì yẹn lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀lẹ ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbè lẹ́yìn, nítorí àwa Yorùbá mọ àlejò í pọ́n lé. Ó yẹ ká ya ìtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára àṣehàn. Bí iná mànàmáná bá lọ, kí wọ́n tètè fi iyọ̀ sẹ́ran, kí wọ́n dín in tàbí kí wọ́n yan án kó tó bàjẹ́ jẹ́ ìtọ́jú, torí inú àlejò ló ń dáàbò bò. Kí wọ́n yáwó ra àga tuntun nítorí ọjọ́ kan kò kan àlejò rárá.

Lágbègbè Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, àsè àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tó wà níbẹ̀ tún kù síbòmíràn. Ní Britain, ilé ìpẹran tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti lè pa ẹran lọ́nà ẹ̀sìn, nítorí náà ọ̀dọ̀ alápatà ni wọ́n ti ń béèrè fún un, ó sì lè di ọjọ́ kejì kí ẹran tó délé. Àwọn mìíràn á fowó ránṣẹ́ sílé. Wọ́n á pa àgbò náà ní Ìwó tàbí Ìbàdàn, ẹni tó ni ín á máa jẹ ìrẹsì àti adìyẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, á sì máa wo àwọn tó ń jẹ ẹran rẹ̀ lórí WhatsApp, tí wọ́n ń bi í léèrè ẹni tó máa gba itan. Àwọn ààfáà gbà pé ó lè yan ẹlòmíràn láti pa á fún òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù wọ́n kó wà níbẹ̀, kó sì jẹ nínú rẹ̀. Ó ti pín àgbò náà tán kí ìpè tó já, kódà èyí tí ì bá jẹ́ tirẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e fún ìyá tó ń gbé òdìkejì títì.