Gbèsè Tí A Jẹ Ọmọ Tí Ń Jáde Ní Ilé-Ìwé Girama

Ní ọdọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn ní ilé-ìwé girama bá ń múra ìdánwò àṣejáde, ìbéèrè kan náà ni í máa wọ ilé wa àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa: níbo ni ọmọ yìí yóò gbà lọ? Àwa òbí àti àwa olùkọ́, kì í pẹ́ kí a tó dáhùn. Yunifásítì ni a ń dárúkọ. Nínú yunifásítì pàápàá, ẹ̀kọ́ ìṣègùn tàbí ẹ̀kọ́ òfin. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboniṣe, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Pólì, ohùn wa a máa rẹlẹ̀, bí ẹni pé a ń sọ̀rọ̀ àìsàn kan tí ó wà nínú ẹbí. Ní oṣù yìí ó wù wá kí a bi ara wa léèrè: nígbà tí a bá wí pé a ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti yan ọ̀nà, ṣé ọmọ náà ni a ń ràn lọ́wọ́ ní tòótọ́, tàbí orúkọ tiwa?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọkùnrin kan, irú èyí tí kò sí ìjọ tí kò ní i. Bí jẹnẹrétọ̀ ilé bá dákẹ́, òun ni í tú u palẹ̀ tí í sì tún un tò. Ìṣirò kò ṣòro fún un, físíìsì ni ó sì fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n báyọ́lọ́jì kò wọ̀ ọ́ lórí rárá. Dókítà ni baba rẹ̀ fẹ́ kí ó jẹ́. Ó ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀kan, kò gba máàkì tí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń béèrè. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ọdún mẹ́ta ti kọjá, ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé òpè ni òun. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó fẹ́ ibi fún un. Ìfẹ́ ni ó mú baba rẹ̀ ṣe ohun tí ó ṣe. Níbí yìí gan-an ni ọ̀ràn náà ti le, nítorí pé ìpalára tí a fi ìfẹ́ ṣe kì í tètè hàn sí ẹni tí ó ṣe é.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ǹjẹ́ kì í ṣe ojúṣe òbí láti fẹ́ ohun tí ó ga jù lọ fún ọmọ rẹ̀? Ojúṣe rẹ̀ ni. Àwọn baba wa sì wí pé bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ni í mọ ibi tí yóò wó sí. Ṣùgbọ́n mímọ ibi tí igi yóò wó sí kò fún àgbà ní àṣẹ láti gba àáké lọ́wọ́ ọmọ, tàbí láti yan igi tí apá ọmọ kò ká fún un.

Ohun tí a sì ń pè ní ohun rírẹlẹ̀ yìí, ṣé a mọ̀ ọ́n dájú? Yaba College of Technology ti wà láti ọdún 1947; ó fi ọdún kan ṣáájú Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún 1948. A dá ti Ìbàdàn, The Polytechnic, sílẹ̀ ní ọdún 1970, ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlaròó sì tẹ̀lé e ní ọdún 1979. Ọdún 2 ni ọmọ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ND, nínú èyí tí yóò lo oṣù 4 ní ibi iṣẹ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí a kọ́ ọ. Lẹ́yìn ND, yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 1, kí ó tó padà wá fi ọdún 2 kọ́ ẹ̀kọ́ HND. Bí èsì ND rẹ̀ bá dára, ó lè bẹ̀bẹ̀ fún àyè ní yunifásítì, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwa ọmọ Ìjọ yìí kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther pàápàá kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Sàró nígbà èwe rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbèsè tí a jẹ ọmọ ni òtítọ́, òtítọ́ a sì máa ní apá kíkorò. Kò yẹ kí a fi oyin bo ọ̀nà yìí lójú ọmọ. Fún ọdún púpọ̀ ni a kò jẹ́ kí ẹni tí ó ní HND gòkè ju ìpele 14 lọ ní iṣẹ́ ìjọba, nígbà tí ẹni tí ó ti yunifásítì wá ń kọjá lọ. Àríyànjiyàn lórí ìyàtọ̀ yìí ti pẹ́, a sì ti gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà láti mú un kúrò; kí ọmọ gbọ́ èyí lẹ́nu wa kí ó tó yàn. Kí ó tún gbọ́ pé ní ọdún 2024, máàkì tí ó kéré jù nínú 400 tí a fi lè gba ọmọ sí yunifásítì ni 140, ti Pólì sì jẹ́ 100. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń wí pé ilé àwọn tí kò mọ̀wé ni. Ẹnu ọ̀nà ni iye náà ń fi hàn. Kò sọ ohun tí ọmọ yóò dà nígbà tí ó bá ń jáde.

Òtítọ́ náà sì ní láti dé orí àwọn ohun kéékèèké, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú. Ọmọkùnrin wa yìí, nítorí ìṣègùn tí a fi tì í, Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì, kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì ni ó ń ṣe ní JAMB. Bí ó bá fẹ́ yà sí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná lónìí, kò ní ìṣirò nínú ohun tí ó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè gbà á láìsí i. Ta ni ó sọ fún un? Lẹ́yìn ìdánwò, a gbọ́dọ̀ fi èsì WAEC tàbí NECO ọmọ sí ọ̀dọ̀ JAMB. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀, wọ́n sì ń dúró de àyè tí kò ní í dé. Bí a bá sì fún ọmọ ní àyè, òun ni yóò wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti wí pé òun gbà á. Kí a sì wádìí bóyá ìgbìmọ̀ NBTE, tí ń ṣe àbójútó irú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, ti fi ọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà kí a tó san owó kankan.

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà tí ó ń sọ ọmọ di aláìlápá. A mú un lọ sí ilé kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó ni ibẹ̀ kọ ohun gbogbo fún un, ó fi ímeèlì tirẹ̀ sí i, ó sì di ọ̀rọ̀ ìwọlé náà mọ́wọ́. Nígbà tí ìròyìn bá dé, ọmọ kò rí i. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹlòmíràn lọ́wẹ̀ láti bá ọmọ ṣe ìdánwò. Olè ni èyí, ẹni àkọ́kọ́ tí a sì jà lólè ni ọmọ náà, nítorí a ti gba ìgboyà lọ́wọ́ rẹ̀ láti mọ ohun tí òun lè ṣe. Kí a jókòó tì í, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, kí a fi ìka tọ́ka sí i.

Ó kù ohun kan tí ó nira fún wa láti sọ. Ó rọrùn fún olùkọ́ láti tọ́ka Pólì fún ọmọ tálákà, kí ó sì fi ọmọ tirẹ̀ sí ẹ̀kọ́ àfikún nítorí yunifásítì. Bí ó bá jẹ́ àpò baba ọmọ ni a wò kí a tó gbà á ní ìmọ̀ràn, a ti fi ọ̀rọ̀ rere ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọbìnrin alágbàro tí ó ní ọgbọ́n ìṣègùn, ìṣègùn ni kí a bá a wá, pẹ̀lú owó tí a óò fi ràn án lọ́wọ́. Ọmọ lọ́yà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹ̀rọ, kí baba rẹ̀ mú un lọ sí Pólì láìtijú. Bí a kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ tiwa, ẹ jẹ́ kí a pa á mọ́ lẹ́nu fún ọmọ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó dé, ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó. Ẹ béèrè ohun tí ó fẹ́ràn, ẹ wo èsì rẹ̀, ẹ sọ gbogbo ọ̀nà fún un pẹ̀lú ẹ̀gún tí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí yóò wí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn lè ṣòro fún wa ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti sọ ṣáájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá san án, gbèsè náà wà lọ́rùn wa síbẹ̀.