Olùṣọ́ Àpótí àti Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀

Nígbà tí ìwé kíkọ kò tí ì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni ọba fi ń bá ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun náà ni ọkọ tí ó wà ní ìdálẹ̀ fi ń ránṣẹ́ sí aya rẹ̀ nílé. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ń sọ fún ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ ń fà sí i. Owó ẹyọ méjì tí ó kọ ẹ̀yìn sí ara wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rárá. Wọn a dì í, wọn a sì gbé e lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ yìí lè rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ó fi ẹrù náà ṣe ìrọ̀rí lóru, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ó rù. Bí ọ̀tá bá dá a lọ́nà, tí wọ́n sì nà án títí, wọn kò lè fi ipá gba ohun tí kò mọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ǹjẹ́ àbùkù ni a fi kan ìránṣẹ́ náà nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un, àbí oore ni a ṣe é?

Ìbéèrè àtijọ́ yìí ni ó tún jí dìde lónìí ní ilé ìwòsàn, ní báńkì, ní yunifásítì àti ní ọ́fíìsì ìjọba, níbi tí àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn ti kúrò nínú fáìlì onípépà, tí ó ti bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà ayé fáìlì, ẹni tí yóò bá jí àkọsílẹ̀ ọ̀kẹ́ márùn-ún aláìsàn kó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọkọ̀ akẹ́rù. Lónìí, ohun tí kò gùn tó ìka ọwọ́ lè gba gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2020, ní orílẹ̀-èdè Finland, àwọn ènìyàn tí wọ́n ti lọ sí ilé ìtọ́jú kan láti sọ ìdààmú ọkàn wọn fún oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé lórí kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n wá san owó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá oníṣègùn yóò di ohun tí gbogbo ayé ń kà. Àkọsílẹ̀ wọn ti bọ́ sọ́wọ́ olè, a kò sì fi ohunkóhun bò ó. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Èyí tí ó ti balẹ̀ ti fọ́, kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè tò ó pọ̀.

Nítorí irú èyí ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń gbé ètò kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ tí ń wá ibi tí àkọsílẹ̀ tí ó gba ìpamọ́ wà, tí ń fi ẹnà bò ó, tí ó sì ń pinnu ẹni tí ó lè rí i. Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni kò tí ì bá wọn débẹ̀. Wíwá nìkan lè gba oṣù púpọ̀. Ètò náà yóò máa kiri inú gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ bí ajá ọdẹ, yóò máa gbóòórùn ọjọ́ ìbí, orúkọ àìsàn, àti nọ́ńbà tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ajá ọdẹ náà a sì máa ṣìnà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún ará ìlú jẹ́ oní-11. Èyí tí báńkì fi ń dá oníbàárà mọ̀ jẹ́ oní-11. Nọ́ńbà tẹlifóònù alágbèéká náà jẹ́ oní-11. Ètò yóò rí i, yóò gbó, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò jókòó tì í láti mọ èyí tí í ṣe ẹran àti èyí tí í ṣe òjìji.

Ohun tí ó sì ń bá pàdé nínú ìgbẹ́ náà ni ó yẹ kí ó da ọkàn onílé rú. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí ẹnì kan dà kọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn láti fi dán nǹkan wò, tí kò rántí pa á rẹ́. Orúkọ àwọn aláìsàn nínú ìwé ìṣirò owó òṣìṣẹ́, níbi tí wọn kò ní iṣẹ́ kankan í ṣe. Àwòrán ìwé ẹ̀rí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi sílẹ̀, tí ó ti jáde, tí ó ti ṣe ìgbéyàwó, tí ó ti bímọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ àgádágodo lọ títí, ṣùgbọ́n ibí yìí ni ẹ̀bi ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àgádágodo tó dé rárá: báwo ni ènìyàn ṣe lè pe ara rẹ̀ ní olùtọ́jú ohun tí kò mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun?

Lẹ́yìn wíwá ni bíbò. Ẹnà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn ọmọdé a máa ki sílébù bọ àárín ọ̀rọ̀ kí àgbà má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Àléébù irú ẹnà bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ti mọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ní ọdún 1883 ni Auguste Kerckhoffs, ọmọ Họ́láńdì tí ó ń kọ́ni ní ilẹ̀ Faransé, là á mọ́lẹ̀ pé ẹnà tí ó níláárí ni èyí tí ọ̀tá lè mọ ìlànà rẹ̀ láti òkè délẹ̀ tí kò sì ní rí ohunkóhun fi ṣe, níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀. (Olùkọ́ èdè ni ọkùnrin náà, ó dára kí àwọn olùkọ́ èdè mọ̀ ọ́n.) Orí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn ẹnà òde òní dúró lé. Ẹnà AES, iṣẹ́ ọwọ́ Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ọmọ Belgium méjì, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún 2001, wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà á. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni a ń fi pamọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àṣírí tí ó wà nínú ilé ti di àṣírí kan ṣoṣo. Ta ni yóò mú un lọ́wọ́?

Ẹni tí ojú kọ́kọ́ ń lọ sí ni alábòójútó kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń gbé ẹ̀rọ dìde bí ó bá ṣubú lóru. Òun ni ó ń da àkọsílẹ̀ kọ sí ibòmíràn kí iná má baà jó o run. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀gá àgbà lọ, bí owó oṣù rẹ̀ kò tilẹ̀ tó tirẹ̀. Dókítà ń rí ìwé aláìsàn tirẹ̀. Alábòójútó lè rí ti gbogbo ìlú. Àwọn kan sọ pé kò burú. Wọ́n ní a kì í gba ènìyàn síṣẹ́ kí a tún máa dì í lójú. Pé ìwà ni ó yẹ kí a wò kí a tó gbà á, nítorí ọmọlúàbí kò nílò àgádágodo. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, pàápàá ní ilẹ̀ tí ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ìwà ṣáájú ọgbọ́n. Ẹni tí a bá ń fura sí lójoojúmọ́ lè wá hu ìwà tí a fura sí náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn Yorùbá kan náà nínú ìjọ àti nínú ẹgbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹnì kan kì í dá owó ìgbá kà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà ìjọ ni. Kì í ṣe pé wọ́n pe àgbà náà lólè. Bí owó bá dín lọ́jọ́ kan, ẹni tí ó dá kà á kò ní ẹlẹ́rìí; ọ̀rọ̀ yóò di mo-jẹ́-mi-ò-jẹ́, orúkọ tí ó fi ogójì ọdún kọ́ yóò sì wó ní ọ̀sán kan. Ẹlẹ́rìí tí ó jókòó tì í ń ṣọ́ owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ àgbà náà pẹ̀lú.

Ilé iṣẹ́ tí ó lágbára jù lọ náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 2013, Edward Snowden, tí ó ti ṣe alábòójútó kọ̀ǹpútà fún NSA, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà kan, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àṣírí jáde, ó sì fi wọ́n lé àwọn oníròyìn lọ́wọ́. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Àwọn mìíràn ní aráyé ni ó ṣe lóore. Ìdájọ́ yẹn kọ́ ni ó kàn níhìn-ín. Ohun tí ó kàn ni pé láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ti ń sọ fún àwọn aṣòfin pé wọ́n ń gbé òfin kalẹ̀ kí ẹni méjì máa wà nídìí iṣẹ́ tí ẹnì kan ń dá ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni.

Àwọn tí ń gbé ìwà lékè tún gbàgbé pé olùṣọ́ a máa yí padà, nígbà tí ohun tí a kọ sílẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ní Họ́láńdì, kí ogun àgbáyé kejì tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìwé orúkọ ará ìlú tí a tò dáadáa: ibi tí oníkálukú ń gbé, ìgbà tí a bí i, àti ẹ̀sìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rò ibi sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940 ni àwọn ọmọ ogun Jámánì wọlé, ìwé náà sì di irinṣẹ́ tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wá àwọn Júù láti ilé dé ilé. Nínú nǹkan bí 140,000 Júù tí ó wà ní ilẹ̀ náà, ó lé ní 100,000 tí wọ́n pa. Ní òru ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1943, àwọn ọmọ onílẹ̀ kan múra bí ọlọ́pàá, wọ́n wọ ilé tí a kó ìwé orúkọ ìlú Amsterdam sí, wọ́n sì fi iná sí i. A mú púpọ̀ nínú wọn, a sì yin ìbọn pa méjìlá. Wọ́n fi ẹ̀mí wọn dí ohun tí àwọn akọ̀wé olóòótọ́ fi ọwọ́ mímọ́ ṣí sílẹ̀.

Òtítọ́ tí ó korò ni pé àgádágodo kò bá má tó níbẹ̀. Ẹni tí ó gba ìlú lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni méjì, tàbí ogún. Àkọsílẹ̀ kan wà tí ó sàn kí a má kọ ọ́ rárá, ètò tí ń wá àkọsílẹ̀ kiri sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dára jù lọ nígbà tí ohun tí ó rí bá mú kí onílé sọ pé, "Kí ni a ń fi èyí ṣe?" kí ó sì pa á rẹ́.

A kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan gbá apá kejì ọ̀rọ̀ náà dànù. Àgádágodo a máa pani. Bí a bá gbé ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ wọ ilé ìwòsàn ní agogo méjì òru, tí dókítà kò sì lè ṣí ìwé rẹ̀ láti mọ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, ìpamọ́ ti di ìpànìyàn. Bí kọ́kọ́rọ́ ẹnà bá sì sọnù, kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ òmíràn. Àkọsílẹ̀ ogún ọdún ti kú nìyẹn. Adi Shamir ti rí èyí ní ọdún 1979 nígbà tí ó fi ìmọ̀ ìṣirò hàn bí a ṣe lè pín àṣírí kan láàrin ẹni 11, tí ẹni mẹ́fà èyíkéyìí nínú wọn fi lè ṣí i, tí ẹni márùn-ún kò sì ní rí nǹkan kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ti dókítà òru, a lè jẹ́ kí ó ṣí i láìtọrọ àyè, kí ètò náà kọ orúkọ rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì bi í léèrè bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi í? Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń wó lulẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti gbé ètò náà kalẹ̀ tán, tí a sì ti ya àwòrán. Nọ́ọ̀sì tí a ti gbé kúrò ní ilé ìgbẹ̀bí ń rí ìwé àwọn aboyún síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ìwé tí ètò ń kọ nípa ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó jáde ń ga bí òkìtì ọ̀gán, kò sí ẹni tí ń kà á. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ará ìlú tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ní kí ilé iṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì lè ṣe àwọn tí ó ni ín ní jàǹbá, fi tó àjọ ìjọba létí láàrin wákàtí 72. Ẹni tí kò ka ìwé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí wákàtí kìíní bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́, ẹnì kan wà tí a kì í pè sí ìpàdé. Obìnrin kan dé ẹnu fèrèsé ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bi í ní orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀, iye oyún tí ó ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, nítorí èrò wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn wo ni yóò máa rí èyí?" Akọ̀wé náà gbé ojú sókè kúrò lára kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tí ó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, òun náà kò sì mọ̀.