Ìwúre fún Àlejò Inú Wa

Olódùmarè, Ọba tó dá èyí tójú ń rí àtèyí tójú ò rí, a dúpẹ́ fún àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí O fi sínú ìfun wa. Wọn ò lóko, wọn ò lọ́jà. Ohun tá a bá gbé mì ni wọ́n ń jẹ. Nítòsí wọn náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó ń gbèjà ara wa pàgọ́ sí. Má jẹ̀ẹ́ kí ebi pa wọ́n lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin èèyàn mi nílé lóko, bí ìyá bá rẹ àgbàdo, tó lọ̀ ọ́, tó sẹ́ ẹ, tó sì bò ó, omi orí rẹ̀ á máa hó díẹ̀díẹ̀, òórùn kíkan á gba ilé. Ojú ò rí ẹni tó mú ògì kan. Bẹ́ẹ̀ ni ire yín yóò máa ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ títí gbogbo ilé yóò fi gbọ́ òórùn rẹ̀. Àṣẹ.

Irú kì í wọnú ọbẹ̀ kó má ta sánsán. Ìlera yín á ta sánsán. Irú yín ò ní parun.

Èèpo ẹ̀wà àti iṣan ẹ̀fọ́ tí ikùn ò lè dà, àwọn àlejò wa ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan tó ń bọ́ ara ìfun, tó ń kọ́ ọmọ ogun ara kó má kọjú ìjà sí onílé. Ẹni tí ẹ bọ́ kò ní bù yín jẹ.

Ìwọ abiyamọ, ṣúgà kan wà nínú omi ọmú rẹ tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà. Àlejò inú ọmọ ni Ọlọ́run ṣe é fún. Ẹni tó rántí àlejò kò ní gbàgbé ọmọ onílé.

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2015, àwọn onímọ̀ fi oúnjẹ ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà bọ́ aláwọ̀ dúdú 20 ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ tí àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìfun tó ń gbóná bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Àtúnṣe kò ní pẹ́ jù fún yín.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi kápúsù apakòkòrò tí dókítà ò kọ pa ọ̀rẹ́ mọ́ ọ̀tá. Ọ̀nà ọ̀fun kò ní di ọ̀nà ọ̀run fún wa. Ògì tá a rẹ, àwa la ó mu ún, tọmọ tọmọọmọ.

Àṣẹ.